Ìṣẹ́jú Mẹ́ta Nínú Ìkùukùu

Ọ̀rọ̀ tí mo sọ lórí bàálù kékeré àti ojú ọjọ́ burúkú fún àwọn ọ̀dọ́ àti òbí wọn ní gbọ̀ngàn kan ní Òkè-Fìà, Òṣogbo, ni mo tún tò sílẹ̀ yìí. Mo yọ díẹ̀ lára àwàdà rẹ̀ kúrò. Ìran tí a fi àga ṣe, mo fi sílẹ̀ bó ṣe rí, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà wà.

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ẹ̀yin bàbá wa tí ẹ jókòó níwájú, ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ pa ìsọ̀ tì ní Ọjà-Ọba nítorí ìpàdé yìí, ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé tí tíṣà fi ẹgba kó wá, mo kí yín. Kí n tó wọlé, mo wo ìhà Ìkìrun. Ó ti ń ṣú bọ̀. Òjò tó máa ń bá ìjì rìn nílùú wa, ìhà ìlà-oòrùn ló sábà máa ń ti wá, nítorí náà bí ẹ bá gbọ́ tí páànù bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, ẹ má dìde. Ọ̀rọ̀ òjò náà la wá sọ.

Ọdún 31 ni mo fi ṣe iṣẹ́ awojú-ọjọ́ ní pápákọ̀ òfurufú kí n tó fẹ̀yìn tì wá sílé. Àwọn ará ilé mi kò fi bẹ́ẹ̀ mọ ohun tí mò ń ṣe. Ìyá mi, kí Ọlọ́run fi ọ̀run kẹ́ ẹ, máa ń sọ fún àwọn aládùúgbò pé, "Ọmọ mi ló ń ka òjò fún ìjọba." Kò kúkú jìnnà sí i. Ní wákàtí wákàtí, òjò ì báà máa rọ̀, ọyẹ́ ì báà máa fẹ́, n ó jáde kúrò nínú yàrá, n ó gbójú sókè, n ó pín ojú ọ̀run sí ọ̀nà 8 lọ́kàn mi, n ó sì kọ iye tí ìkùukùu bò nínú 8 yẹn. Lẹ́yìn náà n ó wo ọ̀kánkán. Táǹkì omi kan wà tó jìnnà sí wa tó mítà 1,500. Òkè kan wà lẹ́yìn rẹ̀, òun jìnnà tó kìlómítà 5. Bí òkè yẹn bá ń hàn, mo kọ ọ́ pé ó ń hàn. Ọjọ́ tí kò bá hàn, ọ̀rọ̀ ti yí padà nìyẹn, nítorí kìlómítà 5 ni òfin là kalẹ̀ pé kí ojú awakọ̀ òfurufú ríran dé, tó bá jẹ́ pé ojú lásán ló fẹ́ fi wakọ̀ ní ìsàlẹ̀ ojú ọ̀run.

Ẹ fi òkè yẹn sọ́kàn. A ó padà síbẹ̀.

Ọ̀nà méjì ni ènìyàn ń gbà fo bàálù. Ọ̀kan ni kó máa wo ìta: ó ń rí ilẹ̀, ó ń rí ọ̀run, ó mọ ibi tí àwọn méjèèjì ti pàdé. Ìkejì ni kó máa wo àwọn géèjì tó wà níwájú rẹ̀, kó sì gbà wọ́n gbọ́ ju ara rẹ̀ lọ. Ìwé-àṣẹ ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń gbà fún ìkejì yìí, ẹ̀kọ́ rẹ̀ sì gùn. Àwọn tó ń wa bàálù ńlá tó ń gbé wa láti Èkó lọ sí Àbújá ní in. Nínú àwọn tó ń fo bàálù kékeré, ọ̀pọ̀ ni kò ní in, àwọn mìíràn ní in ṣùgbọ́n ó pẹ́ tí wọ́n ti lò ó gbẹ̀yìn.

Bàálù ńlá ń fò ní nǹkan bíi kìlómítà 10 sí 11 sókè, ó ní ẹ̀rọ tó ń rí òjò láti òkèèrè, awakọ̀ méjì ló sì máa ń wà nídìí rẹ̀. Bàálù kékeré ẹlẹ́ńjìnnì kan, nǹkan bíi kìlómítà 2 tàbí 3 ló ń gbà, àárín ibi tí òjò ti ń jà gan-an. Orí òjò tó ń sán àrá nílẹ̀ wa sì lè ga ju kìlómítà 12 lọ. Kò lè gba orí rẹ̀ kọjá, abẹ́ rẹ̀ kò ṣe é gbà. Kó yà fún un tàbí kó padà sílé ló kù.

Ohun tí mo sì wá sọ kò ju ẹyọ kan lọ. Nínú ọ̀pọ̀ ìjàǹbá bàálù kékeré tí a ń gbọ́ pé òjò tàbí kùrukùru ló fà á, ẹnìkan ti ní àyè láti sọ pé "ẹ jẹ́ ká padà". Kò sọ ọ́, tàbí ó sọ ọ́ wọn kò gbọ́, tàbí ó ń tijú.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó jìnnà sí wa. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1959, àwọn olórin kan ń ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn ní Amẹ́ríkà nínú bọ́ọ̀sì. Buddy Holly, ọmọ ọdún 22, wà lára wọn. Ritchie Valens wà níbẹ̀, ọmọ ọdún 17 péré. J.P. Richardson náà wà níbẹ̀, ẹni ọdún 28. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́njú ní Òṣogbo láyé ẹgbẹ́ Dúró Ládiípọ̀ mọ irú ìrìn bẹ́ẹ̀: ẹ ṣeré lálẹ́, ẹ di ẹrù lóru, ẹ sùn sórí ìlù nínú ọkọ̀, ilẹ̀ mọ́ ẹ tún bọ́ sílẹ̀ ní ìlú mìíràn. Ti àwọn wọ̀nyí burú jù nítorí òtútù. Ẹ̀rọ tó ń mú inú bọ́ọ̀sì móoru bàjẹ́ láàárín òjò dídì. Òtútù jẹ ẹsẹ̀ ẹni tó ń lùlù fún wọn débi pé ọsibítù ló bá ara rẹ̀.

Lẹ́yìn eré ọjọ́ 2 oṣù Kejì ní Clear Lake, ìpínlẹ̀ Iowa, Holly ní òun kò tún wọ bọ́ọ̀sì yẹn mọ́. Ó fẹ́ tètè dé ibi tó kàn, kó fọ aṣọ, kó sì fi ẹ̀yìn lélẹ̀ lórí ibùsùn. Wọ́n bá a háyà bàálù kékeré kan, Beechcraft Bonanza, ẹlẹ́ńjìnnì kan, ìjókòó mẹ́rin pẹ̀lú ti awakọ̀. Dọ́là 36 ni ìjókòó kan. Fífọ aṣọ! Nígbàkigbà tí mo bá ń sọ ìtàn yìí, ibẹ̀ ni mo máa ń dúró sí. Kì í ṣe ogun ló ń lé wọn.

Valens àti ẹlòmíràn ta owó ẹyọ sókè lórí ìjókòó kan, Valens ló jẹ. Waylon Jennings, tó ń ta gìtá fún Holly, ló ni ìjókòó tó kù, ṣùgbọ́n ara Richardson kò yá, Jennings bá yọ̀ǹda tirẹ̀ fún un. Nígbà tí Holly gbọ́, ó fi Jennings ṣe yẹ̀yẹ́ pé kí bọ́ọ̀sì wọn dì sójú ọ̀nà o. Jennings náà dá a lóhùn pé kí bàálù tiwọn já. Ẹ̀rín ni wọ́n fi ṣe é. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Jennings di gbajúmọ̀ olórin lẹ́yìn ìgbà náà, ó dàgbà, ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ pé ọ̀pọ̀ ọdún ni ọ̀rọ̀ yẹn fi ń jẹ òun lọ́kàn.

Roger Peterson ni awakọ̀ náà, ọmọ ọdún 21. Ní ọdún tó ṣáájú, ó ṣe ìdánwò fífi géèjì fò, kò yege. Ojú ló yẹ kó máa fi fò. Ó béèrè ìròyìn ojú ọjọ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lálẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n sì dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ méjì ti jáde lórí ojú ọjọ́ tó ń bàjẹ́ bọ̀ lójú ọ̀nà tó fẹ́ gbà, kò sì sí ẹni tó kà á sí i létí. Èmi tí mo ti jókòó sí irú tábìlì bẹ́ẹ̀ lóru, ibí yìí ló máa ń ká mi lára jù. Bébà wà nílẹ̀. Ẹni tó ní in lọ́wọ́ kò tẹ̀ ẹ́ síwájú.

Ó kù díẹ̀ kí aago kan òru lù nígbà tí wọ́n gbéra. Ilẹ̀ oko ni gbogbo agbègbè yẹn, kò sí iná, òjò dídì ti bẹ̀rẹ̀, òṣùpá kò sí, ìràwọ̀ kò sí. Ẹni tó ń fi ojú fò bọ́ sí ibi tí ojú kò ti rí nǹkan kan. Kò tó kìlómítà 10 sí ibi tí wọ́n ti gbéra tí bàálù náà fi apá ọ̀tún lu ilẹ̀ oko àgbàdo pẹ̀lú eré burúkú. Ilẹ̀ mọ́ kí wọ́n tó rí wọn. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti kú.

Àwọn tó ṣèwádìí tún rí nǹkan kan. Géèjì tó ń fi hàn bóyá imú bàálù ga tàbí ó dorí kodò wà níwájú Peterson, ṣùgbọ́n irú èyí tó wà nínú bàálù yẹn ń fi í hàn lódìkejì sí èyí tí wọ́n fi kọ́ ọ. Ẹ wò ó: ọmọ náà wà nínú òkùnkùn, ara rẹ̀ ń parọ́ fún un, ó wá yíjú sí ẹ̀rọ tó yẹ kó sọ òótọ́, ẹ̀rọ náà sì ń sọ èdè tí kò gbọ́.

Mo ní ara rẹ̀ ń parọ́ fún un. Àwọn kan nínú gbọ̀ngàn mi orí, bí ẹni tí kò gbà. Mo ti mọ̀ pé wọn kò ní gbà. Mo bá ní kí ọ̀dọ́mọkùnrin kan jáde wá.

Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ télọ̀ ní Ìgbọ̀nà ló jáde, ó síngbọnlẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín sí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Mo ti yá àga ọ́fíìsì kan tó ń yí, èyí tó ní táyà lábẹ́. Mo ní kó jókòó, kó gbé ẹsẹ̀ sókè. Ìyá àgbà kan tó wà níwájú tú ìborùn rẹ̀, a fi di ojú ọmọ náà. Mo sọ fún un pé ibi tó bá gbà pé òun ń yí sí ni kó fi àtàǹpàkò nà. Mo ní kí gbogbo ènìyàn dákẹ́, kí ohùn má baà tọ́ ọ sọ́nà.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í yí i sí apá ọ̀tún, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, eré kan náà, láìyára sí i láìdẹwọ́. Àtàǹpàkò rẹ̀ nà sí ọ̀tún. Ó gbà á. Mo ń yí i lọ. Kò tó ìdajì ìṣẹ́jú, àtàǹpàkò náà bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, ó bá dúró gbọnrangandan. Ó ní, "Bàbá, ẹ ti dáwọ́ dúró." Àwọn ọmọ ilé-ìwé bú sẹ́rìn-ín, torí mo ṣì ń yí i bí ọlọ tí kò dúró. Nígbà náà ni mo wá dẹ eré náà títí àga fi dúró pátápátá. Ẹ ò bá rí i! Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá etí àga mú, ó na àtàǹpàkò sí òsì, ó ń pariwo pé, "Ẹ ti ń yí mi sí òsì, ẹ rọra o!" Àga wà lójú kan. Nígbà tí a tú ìborùn, ojú rẹ̀ ń ṣe wìrìwìrì, kò sì rẹ́rìn-ín mọ́. Ìyá tó ni ìborùn ní, "Ẹ fún un lómi."

Ohun tó fà á nìyí, ìlú aró ni wá, ẹ ó tètè rí i. Ẹ mú ìkòkò aró kan, kí ewé ẹyọ kan léfòó lójú rẹ̀. Bí ẹ bá fọwọ́ yí ìkòkò náà, ìkòkò á yí, aró inú rẹ̀ kò ní kọ́kọ́ tẹ̀ lé e. Ewé á dúró síbi tó wà. Bí ẹ bá ń yí i lọ bẹ́ẹ̀, aró á bẹ̀rẹ̀ sí í bá ìkòkò yí, eré wọn á di ọ̀kan. Nígbà tí ẹ bá wá dá ìkòkò dúró lójijì, aró á ṣì máa yí lọ. Nínú etí wa lọ́hùn-ún, lẹ́yìn ibi tí a fi ń gbọ́ràn, ihò róbótó mẹ́ta wà tó tẹ̀ bí òrùka, omi wà nínú wọn, irun tín-ín-rín sì wà tí omi yẹn ń tì. Irun yẹn ló ń sọ fún ọpọlọ pé a ń yí. Nígbà tí omi àti etí bá jọ ń yí ní eré kan náà, omi kò ti irun mọ́, ọpọlọ á ní a ti dúró. Nígbà tí a bá dúró lóòótọ́, omi á ti irun sí òdìkejì, ọpọlọ á ní a ti ń yí sí òsì. Ojú ló máa ń bá wa tún irọ́ etí ṣe lójoojúmọ́. Ẹni tó bá wọ inú ìkùukùu kò ní ojú mọ́.

Báyìí ló ṣe ń pa ènìyàn. Apá bàálù kan rọra rẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó rọra débi pé etí kò mọ̀ ọ́n. Bàálù ń yí, awakọ̀ gbà pé ọ̀kánkán lòun ń lọ. Bó ti ń yí ni imú rẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀, eré rẹ̀ ń pọ̀. Awakọ̀ gbọ́ ariwo afẹ́fẹ́, ó rí i pé òun ń sọ̀ kalẹ̀, ó bá fa ọwọ́ ìdarí kí imú lè gòkè. Ṣùgbọ́n nígbà tí apá bá ti dà sí ẹ̀gbẹ́, fífà yẹn kì í gbé e sókè, ńṣe ló ń sọ yíyí náà di kíkankíkan. Bó ṣe ń fà á tó ni ó ń sọ̀ kalẹ̀ tó. Títí ilẹ̀ fi yọ sí i, ara rẹ̀ lè máa sọ fún un pé kò sí ewu.

Ní ọdún 1954, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Illinois mú akẹ́kọ̀ọ́ 20 tí wọn kò tíì kọ́ fífi géèjì fò, wọ́n fi wọ́n sínú irú bàálù Bonanza yẹn pẹ̀lú olùkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọ́n sì bo ojú wọn kí wọ́n má lè rí ìta, bí ẹni tó wọ inú ìkùukùu. Gbogbo 20 náà ni bàálù bọ́ mọ́ lọ́wọ́. Wọ́n ṣírò iye àkókò tó gbà, wọ́n pín in dọ́gba: 178 ìṣẹ́jú àáyá. Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ẹni tó ń ra ẹ̀kọ ní Ọlàìyá kò tíì gba ṣéńjì tán.

Apá kejì ìwádìí náà ni àwọn ènìyàn kì í sábà sọ. Wọ́n wá kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yẹn ní ọ̀nà kan tó rọrùn, kì í ṣe láti la ìkùukùu já, bí kò ṣe bí wọ́n ṣe máa yí bàálù padà jẹ́jẹ́ sí ibi tí wọ́n ti ń bọ̀. Lẹ́yìn ẹ̀kọ́ náà, wọ́n tún fi wọ́n sínú òkùnkùn yẹn, agbára káká ni ẹnìkan fi kùnà. Pípadà ni wọ́n kọ́ wọn.

N kò ní pẹ́ lórí àwọn tó kàn, torí ìtàn kan náà ni. Ọjọ́ 16 oṣù Keje ọdún 1999, John F. Kennedy kékeré, ọmọ ààrẹ Amẹ́ríkà àná, ń fo bàálù tirẹ̀, Piper Saratoga, òun, ìyàwó rẹ̀ àti ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀. Ìgbéyàwó mọ̀lẹ́bí ló ń lọ. Wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó gbéra, oòrùn ti wọ̀, kùrukùru wà lójú òkun, iná kò sí. Kò ní ìwé-àṣẹ fífi géèjì fò. Wọ́n ṣubú sínú òkun nítòsí Martha's Vineyard. Awakọ̀ òfurufú mìíràn wà ní pápákọ̀ tí wọ́n ti gbéra lálẹ́ ọjọ́ yẹn kan náà. Ó wo kùrukùru náà, ó fagi lé ìrìn tirẹ̀. Òun ló yẹ ká máa sọ ìtàn rẹ̀.

Ó kan ilẹ̀ wa náà. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹta ọdún 2008, bàálù Beechcraft 1900D kan gbéra láti Èkó, ó ń lọ sí pápá kékeré tó wà ní Bebi nítòsí Ọbúdù, láàárín àwọn òkè. Kò débẹ̀. Wọ́n wá a títí, wọn kò rí i. Oṣù Kẹjọ ti ń parí lọ kí àwọn ọdẹ tó kan án nínú igbó lórí òkè. Ẹ̀yin ọdẹ tí ẹ wà níbí, ẹ mọ ohun tó túmọ̀ sí kí nǹkan tó tóbi tó bọ́ọ̀sì sọnù sínú igbó fún oṣù márùn-ún. Ní ọjọ́ 21 oṣù Karùn-ún ọdún 2021, ọ̀gá àgbà àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀, Ibrahim Attahiru, àti àwọn 10 mìíràn kú nínú bàálù Beechcraft ní Kàdúná. Àwọn ológun kéde pé nínú ojú ọjọ́ burúkú ni wọ́n ti ń gbìyànjú láti balẹ̀.

Èyí tó dun àwọn ará Èkó àti Ìjẹ̀bú jù kò tíì pẹ́. Ọjọ́ 9 oṣù Kejì ọdún 2024, Herbert Wigwe, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ tó ni báńkì Access, ìyàwó rẹ̀, ọmọ rẹ̀ àti Abímbọ́lá Ògúnbánjọ, tó ti jẹ́ alága ọjà ìpín-ìdókòwò wa, wọ ẹlikópítà kan ní Palm Springs ní California, wọ́n ń lọ sí ìhà Las Vegas. Alẹ́ ni, inú aginjù ni, òjò àti òjò dídì sì ń rọ̀ pọ̀. Àwọn awakọ̀ méjì náà kú pẹ̀lú wọn. Àwọn tó ń ṣèwádìí ìjàǹbá ní Amẹ́ríkà sọ pé awakọ̀ ń fi ojú fò lọ nígbà tí ojú ọjọ́ kò gba ojú mọ́, ara rẹ̀ sì ṣì í lọ́nà. Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ ọdún 1959 náà ni, ọdún 65 ló wà láàárín wọn.

Nílé níbí, òjò dídì kọ́ ni tiwa. Ọyẹ́ ni. Eruku láti aginjù, pàápàá láti ìhà Chad, á bo ilẹ̀ wa láti oṣù Kejìlá títí wọ oṣù Kejì. Ọyẹ́ máa ń tan ni jẹ. Oòrùn wà, òjò kò sí, ẹni tó wà lókè tó wo ìsàlẹ̀ gan-an á rí orí ilé àti ọ̀nà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìsàlẹ̀ gan-an ni ènìyàn ń wò bó bá fẹ́ balẹ̀, iwájú ló ń wò, ní ìdagẹ̀rẹ̀, ojú rẹ̀ á sì gba inú eruku tó nípọn kọjá. Pápá tó rí nígbà tó wà lórí rẹ̀ á pòórá nígbà tó bá kọjú sí i. Àwọn tó ń gba ọ̀nà Gbọ̀ngán láàárọ̀ kùtùkùtù mọ díẹ̀ nínú rẹ̀: igi ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ń hàn, ọkọ̀ tó ń bọ̀ níwájú kò hàn.

Èkejì ni ẹ̀fúùfù tó máa ń ṣáájú òjò àkọ́rọ̀. Ẹ mọ̀ ọ́n. Ó máa ń ká páànù ilé ìwé, ó ń gbé agboòrùn àwọn aláta. Afẹ́fẹ́ tútù ló já láti inú ìkùukùu òjò, ó lu ilẹ̀, ó wá fọ́n ká. Bàálù tó bá bọ́ sí i, iwájú ni afẹ́fẹ́ á ti kọ́kọ́ pàdé rẹ̀, á gbé e sókè, inú awakọ̀ á dùn. Kò ní pẹ́, afẹ́fẹ́ náà á di ti ẹ̀yìn, apá kò ní rí nǹkan fẹ̀yìn tì mọ́, ilẹ̀ ló kù. Àní bàálù ńlá kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀: èyí tó pa Sultan Sókótó, Muhammadu Maccido, ní Àbújá ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹwàá ọdún 2006, inú irú ojú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ló ti gbéra.

Ó kù ohun kan tí n kò rí nínú ìwé, ojú mi ló ṣe.

Oṣù Kẹrin ni, ọjọ́ Sátidé, nǹkan bíi aago kan ọ̀sán. Bàálù kékeré kan wà lórí pápá wa, ti ọlọ́lá kan ni. Awakọ̀ rẹ̀ wọ yàrá wa wá, ọmọ tí kò tíì pé 30, ẹ̀wù funfun, òógùn ti mú un lábíyá. Ó béèrè ojú ọ̀nà. Mo fi hàn án: òjò tò bí ògiri láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ń bọ̀ wá bá wa. Mo mú un jáde, mo ní kó wo òkè. Òkè ti ń ṣú, ìdajì rẹ̀ ti lọ. Kò sọ̀rọ̀. Ó kàn mí èémí, ó ní, "Bàbá, wọ́n ń lọ síbi ìnáwó ni. Wọ́n ní káwọn débẹ̀ kí wọ́n tó so yìgì."

Kò pẹ́ tí ọlọ́lá náà fúnra rẹ̀ dé, agbádá rẹ̀ kún ẹnu ọ̀nà. Ó ní èmi wo lẹni tó ń sọ fún ọmọ òun pé kó má gbé òun. Ó ní, "Ṣé ìwọ ni Ṣàngó ni?" Mo dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, torí ó jù mí lọ lọ́jọ́ orí, mo ní, "Rárá o, sà. Akọ̀wé rẹ̀ ni mí." Àwọn ọmọ ọ́fíìsì fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rù bà wọ́n. Ó yíjú sí awakọ̀. Ó ní ta ló ń sanwó oṣù rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí gan-an, torí ẹ̀yin ọ̀dọ́ ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ọmọ yẹn kò jiyàn. Kò fọ́nnu. Ó wólẹ̀, ó na orí balẹ̀ bí a ṣe ń kí bàbá ẹni, ó ní, "Ẹ má bínú sí mi, sà. N kò lè gbé e." Ó tún un sọ lẹ́ẹ̀kejì, ohùn rẹ̀ kò lọ sókè. Ìwólẹ̀ àti àìgbà lẹ́ẹ̀kan náà, n kò rí irú rẹ̀ rí kó tó dọjọ́ náà. Ọlọ́lá náà fi mọ́tò lọ, ó ń búni lọ. Ogún ìṣẹ́jú lẹ́yìn rẹ̀, n kò rí táǹkì omi tó wà ní mítà 1,500 mọ́. Aago mẹ́ta kọjá díẹ̀, oòrùn ti yọ, ó dà bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Ìṣòro rẹ̀ nìyẹn: nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Bàálù tí kò já kì í wọ ìwé ìròyìn, a kì í fi í ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, a kì í fi í ṣe sàráà. Kí oṣù yẹn tó parí, wọ́n ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọmọ náà.

Àwọn ènìyàn béèrè ìbéèrè. Bàbá kan ní, àdúrà ńkọ́? Mo ní mo ń gbà á, mo sì mọ àwọn tó gbà á tán tí wọ́n jókòó de òjò kó dá. Ẹlòmíràn béèrè nípa pápákọ̀ òfurufú tí a ti ń retí ní Ìdó-Ọ̀ṣun, níbi tí bàálù àwọn òyìnbó ti ń balẹ̀ láyé àtijọ́, àti èyí tí wọ́n ní ó di ti Ẹdẹ. Mo ní ìjà Ìdó àti Ẹdẹ kọ́ ni mo wá dá sí, ẹ má pa mí. Ibi yòówù kó jẹ́, kí ẹ béèrè ibi tí ilé awojú-ọjọ́ wà kí ẹ tó béèrè bí ọ̀dà ṣe gùn tó, torí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ ló ń sọ ibi tí ọ̀nà bàálù máa kọjú sí. Wọ́n pàtẹ́wọ́. N kò rò pé wọ́n gbọ́ mi, òjò ti dé orí páànù nígbà náà.

Ìyá àgbà tó ni ìborùn ló gbọ́wọ́ sókè kẹ́yìn. Kò béèrè nípa bàálù. Ó ní, "Ọmọ tó wólẹ̀ yẹn ńkọ́? Ṣé ó ríṣẹ́?"

Mo ní, "Ó rí i, ìyá. Ó ṣì ń fò. Irun ti ń funfun lórí rẹ̀."

Tí ọyẹ́ bá kọ́kọ́ dé lọ́dọọdún, ó máa ń pè mí lórí fóònù. Kì í kọ́kọ́ kí mi. Ohun tó máa ń béèrè ni pé, "Bàbá, ṣé òkè yẹn ń hàn?" Ó mọ̀ pé mo ti fẹ̀yìn tì, ó sì mọ̀ pé láti Òṣogbo níbí n kò lè rí òkè náà. Mo máa ń jáde síta síbẹ̀, kí n wo ọ̀kánkán dáadáa, kí n tó dá a lóhùn.